Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Níbi tí Pátákó Àtijọ́ ń Gbé ní Las Vegas

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi fẹ́ mú mi lọ sí Neon Museum ní Las Vegas, ní Amẹ́ríkà, lóṣù keje. Orúnkún ń dùn mí. Ìgbà wo ló dára jù, kí ni mo sì máa rí? (Ìyá kan, Ọ̀fà)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò, mà. Pátákó oníná ńláńlá tí àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti ilé tẹ́tẹ́ ti yọ kúrò lára ilé wọn ló wà níbẹ̀ ní ìta gbangba, ó lé ní 200. Ọ̀pọ̀ wọn kò lè tàn mọ́. Gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi iná rọ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ di lẹ́tà, ni wọ́n rọ afẹ́fẹ́ neon sí. Bó bá ti sán pẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ ti jò lọ nìyẹn. Neon fúnra rẹ̀ a máa pọ́n bí ẹyin iná. Argon, afẹ́fẹ́ mìíràn, tí wọ́n kán mákúrì díẹ̀ sí ló ń mú àwọ̀ búlúù wá. Ìwọ̀nba tí wọ́n tún ṣe ló ń dá tàn, wọ́n á gbé iná sílẹ̀ láti fi hàn yín àwọn tó kù.

Oṣù keje yẹn gba ìṣọ́ra. Ooru ọ̀sán ibẹ̀ a máa kọjá 40°C, kò sì rí bí ti Ìlọrin: òógùn á ti gbẹ lára kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ làágùn. Ẹ máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ ni oòrùn ń wọ̀ lóṣù náà; ìrìn tó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ni kí ọmọ yín rà. Ẹ ó rí ọ̀dà àti ìpẹtà kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ó sì tún rí iná. Tíkẹ́ẹ̀tì ní àkókò tirẹ̀, ẹ tètè rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì béèrè nípa àga nítorí orúnkún yín. Bàtà tó bo ọmọ ìka ni kí ẹ wọ̀, torí irin dídípẹtà àti gíláàsì. Sílípáàsì kò dára. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan, bí ẹni wà níwájú àwọn ère Èsìẹ́.

Ẹ gba amọ̀nà. Ẹni tó bá dá rìn, orúkọ òtẹ́ẹ̀lì lásán ni yóò kà. Ẹ ní kó fi pátákó Moulin Rouge hàn yín: ọdún 1955 ni wọ́n ṣí i, òun sì ni òtẹ́ẹ̀lì oní-tẹ́tẹ́ àkọ́kọ́ nílùú náà tí aláwọ̀ dúdú àti òyìnbó ti jọ jókòó. Obìnrin ló ya pátákó náà, Betty Willis. Ilé tí ẹ ó gbà wọlé pàápàá, tó jẹ́ àbáwọlé òtẹ́ẹ̀lì La Concha ti 1961 tẹ́lẹ̀, aláwọ̀ dúdú ló ya àwòrán rẹ̀, Paul Revere Williams. Ọ̀nà mẹ́jọ ni wọ́n gé e sí kí wọ́n tó rí i gbé débẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Pátákó ṣọ́ọ̀bù bàbá wa ti ń dípẹtà. Ṣé kí n fi sáńpépà ha á? (Òmù-Àrán)

ÌDÁHÙN: Rárá o! Ọ̀dà àtijọ́ ni iyì rẹ̀, sáńpépà á sì hó o. Omi àti ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ pẹ̀lú aṣọ rírọ̀, kí ẹ nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi ìda tí wọ́n fi ń dán mọ́tò pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èyí tí kò ní èròjà tó ń ha ọ̀dà. Igun kan ni kí ẹ ti kọ́kọ́ dán an wò. Bí ẹ bá ń gbé e kọ́, inú ilé ni, kí ẹ sì fi rọ́bà sẹ́yìn ìdè rẹ̀ kó má baà lẹ̀ mọ́ ògiri, torí ẹ̀yìn yẹn ni omi ń sá sí. Bó bá jẹ́ oníná neon, ẹ má ki í bọ iná rárá: tìránsífọ́mà rẹ̀ lè gbé iná tó 15,000 fọ́ltì jáde.