Kí abẹ tó kan ọpọlọ Bàbá: ìbéèrè kan láti Ọ̀yọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi, ẹni ọdún 61, ti ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ láti kékeré, ọwọ́ òsì ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Láti bí oṣù mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ ti ń sọnù mọ́ wọn lẹ́nu: wọ́n á mú ọ̀bẹ ìfíngbá dání, wọ́n á wò ó títí, orúkọ rẹ̀ kò ní wá. Lẹ́yìn tí wárápá mú wọn lẹ́ẹ̀kan, a gbé wọn lọ sí Ìbàdàn, àwòrán sì fi hàn pé kókó wà ní apá òsì ọpọlọ wọn. Dókítà ní kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ojú ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà nínú ọpọlọ Bàbá, àti pé ó ṣeé ṣe kí àwọn jí wọn lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìfowóṣòfò ni, pé bí kókó bá wà, kí wọ́n yọ ọ́. Yorùbá ni Bàbá gbọ́ dáadáa, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tí wọ́n fi ń ná ọjà fún oníbàárà. Kí ni kí a ṣe?
Ọmọ Afíngbá, Ọ̀yọ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú aájò Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n yín pé ohun tí dókítà béèrè yìí kì í ṣe ìfowóṣòfò rárá. Kókó inú ọpọlọ kì í sábà dá dúró bí òkúta inú ìrẹsì tí a lè ṣà dànù. Àwọn mìíràn a máa wọ inú ibi tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, a sì máa ti àwọn fọ́nrán iṣan tí ó wà nítòsí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ní ibùgbé nínú ọpọlọ. Ní 1861, Paul Broca, dókítà ará Faransé, yẹ ọpọlọ ọkùnrin kan tí ó kú nítòsí Paris wò, ẹni tí ó máa ń lóye ohun tí a bá bá a sọ, ṣùgbọ́n tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé “tan” nìkan ni ẹnu rẹ̀ lè sọ. Iwájú ọpọlọ rẹ̀ ní apá òsì ni ó bàjẹ́. Ní 1874, Carl Wernicke ní Jámánì ṣàpèjúwe àwọn mìíràn tí ọ̀rọ̀ ń tú jáde lẹ́nu wọn láìní ìtumọ̀; ẹ̀yìn, lápá ibi etí, ni tiwọn ti bàjẹ́. Ìdì fọ́nrán ńlá kan tí ó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ ni ó so ibi méjèèjì pọ̀. Bí abẹ bá gé e, ibùgbé ọ̀rọ̀ lè wà láìfarapa, kí ọ̀rọ̀ má sì rí ọ̀nà gbà mọ́.

Ní ti ọwọ́ òsì tí Bàbá ń lò, ó dára tí ẹ sọ ọ́. Nínú àwọn tí ń lo ọwọ́ ọ̀tún, bí 95 nínú 100 ni apá òsì ọpọlọ wọn ń darí ọ̀rọ̀. Nínú àwọn ọlọ́wọ́ òsì, bí 70 ni. A kò lè fi ojú lásán mọ èyí tí Bàbá jẹ́.

Ẹ̀rọ MRI, tí ń fi agbára òòfà ṣiṣẹ́, ni wọ́n sábà ń lò. Lákọ̀ọ́kọ́, wọn yóò ní kí Bàbá máa fi ọkàn pe orúkọ àwọn nǹkan tí a fi hàn wọ́n. Ibi tí ó bá ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ ni ẹ̀jẹ̀ tí ó ní ọ́síjìn yóò ya lọ, ẹ̀rọ náà yóò sì rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọn yóò tọpa omi inú ọpọlọ. Ẹ da omi sórí ìgbálẹ̀ tí a dì, ẹ ó rí i pé gbọọrọ ìgbálẹ̀ ni omi máa ń bá lọ, kì í fẹ́ gba ìbú kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi ń bá fọ́nrán ọpọlọ lọ, kọ̀ǹpútà a sì fi ìrìn rẹ̀ ya àwọn ọ̀nà náà. Ṣùgbọ́n ìṣirò ni àwòrán yẹn, kì í ṣe fọ́tò. Wíwú tí ó yí kókó ká lè bo ọ̀nà kan mọ́lẹ̀, bí wọ́n bá sì ti ṣí agbárí, ọpọlọ a máa sún díẹ̀ kúrò ní ipò tí ó wà nígbà tí a yà á.

Ìdí nìyẹn tí dókítà fi fẹ́ jí Bàbá. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora. Awọ orí ni ó ń mọ̀ ọ́n, wọn yóò sì fi oògùn pa ìrora ibẹ̀. Láti àwọn ọdún 1930 ni Wilder Penfield, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti ń ṣe irú èyí ní Montreal, ní Kánádà, tí ó ń fi iná mànàmáná tí kò lágbára kan ojú ọpọlọ bí aláìsàn ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí Bàbá bá ń pe orúkọ àwòrán, tí ọ̀rọ̀ wá dá dúró lójijì, dókítà mọ̀ pé ibẹ̀ kò ṣeé gé. Yóò fi àmì sí i, yóò sì gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Tí wọ́n bá gbé iná kúrò, ọ̀rọ̀ a padà. Iná náà lè fa wárápá nígbà mìíràn, omi tútù ni wọ́n sì sábà ń dà sójú ọpọlọ láti dá a dúró. Kí ẹ̀gbọ́n yín má sì rò pé àjèjì ni iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ yín: ọmọ Awẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀yọ́ níbẹ̀, ni Latunde Odeku, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 1962.

Ohun tí ó ká mi lára jù ni pé kí wọ́n fi Yorùbá yẹ Bàbá wò. Ní 1978, George Ojemann àti Harry Whitaker tẹ ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn méjì tí wọ́n gbọ́ èdè méjì; wọ́n rí àwọn ibi tí iná bá kàn, tí orúkọ nǹkan dàrú ní èdè kan tí kò sì dàrú ní èkejì. Bí ó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ọjà nìkan ni wọ́n fi yẹ Bàbá wò, wọ́n lè dáàbò bo Gẹ̀ẹ́sì náà kí wọ́n sì ba Yorùbá jẹ́. Èdè wa tún ní ohùn. Igbá ni Bàbá ń fín. Igba ni 200. Ìgbà ni àkókò. Igbà sì ni ẹlẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Bí wọ́n bá fi igbá hàn wọ́n, tí wọ́n dáhùn pé “igba”, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n gbà á, bẹ́ẹ̀ ohùn ti yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀. Ìwádìí láàárín àwọn tí ń sọ èdè olóhùn ní Thailand àti Ṣáínà ti fi hàn pé ìpalára sí apá òsì ọpọlọ lè da ohùn rú bẹ́ẹ̀ gan-an.

Nítorí náà, ẹ béèrè bóyá ẹni tí yóò jókòó ti Bàbá nígbà iṣẹ́ abẹ gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ẹ ya fọ́tò igbá, ọ̀bẹ, odó, agbè àti àwọn nǹkan tí wọ́n ń dárúkọ lójoojúmọ́, ẹ kó wọn fún dókítà. Èyí tí Bàbá kò bá lè pè dáadáa ṣáájú ọjọ́ náà, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Kí Bàbá bọ́ òrùka, ìfúnpá àti ońdè tí ó ní irin kí wọ́n tó wọ inú ẹ̀rọ, kí wọ́n má sì fo oògùn wárápá. Ẹ bi dókítà pẹ̀lú bóyá yóò fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú kókó náà tí ó bá rọ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀rọ̀, kí ẹ lè mọ ìtọ́jú tí yóò tẹ̀ lé e. Bí ọ̀rọ̀ Bàbá bá wọ́n sí i ní ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ má bọ́hùn. Ó máa ń padà díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ní alẹ́ òní, ẹ gba ohùn Bàbá sílẹ̀ sórí fóònù, kí wọ́n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fín igbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí wọ́n bá ń wá ọ̀rọ̀ kan, ẹ má bá wọn sọ ọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti há gan-an ni dókítà fẹ́ gbọ́.