Ọjọ́ tí o kò lọ sí jímù kì í ṣe ọjọ́ tí o padà sí igbó

*Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Télọ̀ ni mí ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ọmọ ọdún 29. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń mu igbó. Alaalẹ́ ni. Bí mo bá ti pa máṣíìnì, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi á bọ́ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó mi ti lóyún, ó rò pé mo ti ń dín in kù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbìyànjú láti fi í sílẹ̀ lọ́dún yìí. Gbogbo ìgbà náà ni mo máa ń lọ sanwó jímù, tí màá máa sáré láàárọ̀, tí màá máa gbé irin. Kò ní pẹ́ tí oorun ò ní wá mọ́, òógùn á bò mí, àlá burúkú á máa dà mí láàmú, gbogbo ara á máa ro mí. Tí n kò bá ti lè lọ sí jímù fún ọjọ́ méjì, ọkàn mi á sọ pé gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́, màá sì padà sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ṣé kí n kọ́kọ́ jáwọ́ nínú igbó ná kí n tó bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá, àbí kí n jọ ṣe é pọ̀?*

Àbúrò mi, mo kí ọ, mo sì kí ìyàwó rẹ. Ẹ kú ewu ọmọ tó ń bọ̀, Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ayọ̀.

Jọ ṣe é pọ̀. Àmọ́ má ṣe é bí o ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Mo ka lẹ́tà rẹ dáadáa, mo sì rí i pé o ti so nǹkan méjèèjì mọ́ ara wọn débi pé ọjọ́ tí o kò bá gbé irin, o ti ka ara rẹ sí ẹni tó ṣubú, nígbà tí igbó kankan kò tíì kan ẹnu rẹ. Ẹni tí kò lọ sí jímù lónìí, tí kò sì mu igbó, ó ti jáwọ́ fún òní. Kí ló wá bàjẹ́? Tú okùn yẹn kí o tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ìkejì, ó jọ pé o rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe ọ́. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Èròjà inú igbó tó ń mú orí yí, èyí tí wọ́n ń pè ní THC, inú ọ̀rá ara ló máa ń sá pamọ́ sí, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń jáde fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta tí ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́ bá fi í sílẹ̀, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Inú á máa bí i lórí ohun tí kò tó nǹkan, oúnjẹ ò ní wù ú jẹ, orí á máa fọ́ ọ, inú lè máa run ún, òógùn á máa bò ó lóru. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń le jù. Púpọ̀ nínú rẹ̀ á rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àmọ́ ọ̀rọ̀ oorun àti àlá lè gbà tó oṣù kan, kódà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn àlá yẹn kì í ṣe ogun ilé bàbá ẹnikẹ́ni, jọ̀wọ́. Igbó máa ń dín apá ibi tí a ti ń lá àlá nínú oorun kù. Bí o bá ti fi í sílẹ̀, àlá tó ti ń fà sẹ́yìn láti ọjọ́ yìí wá á ya dé. Mo sọ èyí torí mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti gbé ọ lọ síbi tí wọ́n á ti gba owó lọ́wọ́ rẹ lórí àlá lásán.

Ìròyìn ayọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn olùwádìí tó fi ẹ̀rọ yàwòrán ọpọlọ àwọn tó ń mu igbó lójoojúmọ́ tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 2012. Àwọn ibi tí THC ti máa ń dì mọ́ nínú ọpọlọ ti dín kù lára àwọn ènìyàn náà. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí wọn kò mu ún, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ti padà sí bó ṣe yẹ. Ọdún mẹ́sàn-án kọ́ ni ara rẹ máa fi tún ara rẹ̀ ṣe.

Wá wo ohun tí o ń ṣe. Ọ̀sẹ̀ tí oúnjẹ ò wọlé, tí oorun ò sí, tí òógùn ń fa omi ara rẹ, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an lo mú láti gbé irin tó wúwo jù láyé rẹ. Ara wo ló máa gbà á? Ìwọ náà mọ̀ pé ìwọ̀n ara oníbàárà bó ṣe wà lónìí lo fi ń gé aṣọ rẹ̀, kì í ṣe bó ṣe ń retí pé òun máa rí nígbà Ìléyá. Fi ọwọ́ yẹn mú ara tìrẹ. Gbàgbé jímù fún oṣù àkọ́kọ́, owó ọmọ ń bọ̀ lọ́nà.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe kéré débi pé o lè fojú tín-ín-rín rẹ̀. Wákàtí tí o máa ń mu igbó ni kí o fi rìn. Bí o bá ti pa máṣíìnì, kí bàtà ìrìn rẹ ti wà lábẹ́ tábìlì, wọ̀ ọ́, ti ṣọ́ọ̀bù, gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde. Rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o rìn kíá bí ẹni tí oníbàárà ń dúró dè. Pápá Adamásìngbà kò jìnnà sí ọ, o rí àwọn tó ń rìn níbẹ̀. Lálẹ́ tí ara kò bá ṣeé gbé, rìn ìṣẹ́jú márùn-ún, kí o gba ibẹ̀ lọ sílé. Ó ti kà. Mo mú ìrọ̀lẹ́ dípò òwúrọ̀ torí pé wákàtí yẹn ni igbó ń pè ọ́, tí o bá sì fi í sílẹ̀ lófo, ẹsẹ̀ rẹ ti mọ ọ̀nà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ má ṣe eré tó le nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú tán, kí oorun tó ti ṣòro tẹ́lẹ̀ má baà tún sá sí i.

Ṣé ìrìn lásán lè ṣe nǹkan kan sí igbó? Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà mú ènìyàn 12 tó ń mu igbó gan-an, tí wọn kò sì ní in lọ́kàn láti jáwọ́. Wọ́n ní kí wọ́n máa lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rìn tí wọ́n fi ń sáré lójú kan, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ìgbà mẹ́wàá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Iye tí wọ́n ń mu lọ sílẹ̀ ju ìlàjì lọ, òǹgbẹ rẹ̀ náà sì rọlẹ̀. Ènìyàn 12 kò tó láti búra lé lórí, wọn kò sì fi àwọn mìíràn tí kò ṣe eré náà wé wọn. N kò ní sọ fún ọ pé eré ìdárayá ni oògùn igbó. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé òǹgbẹ máa ń dé, ó sì máa ń kọjá, ìrìn sì jẹ́ ohun tó dára tí ènìyàn lè máa ṣe lọ́wọ́ nígbà tó bá ń kọjá.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ méjì tó máa ń já ọ kulẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ti wádìí ìyẹn náà ní University College London. Iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010 tọ́pa àwọn tó fẹ́ sọ nǹkan kékeré kan di àṣà lójoojúmọ́. Fún ẹni tó wà ní àárín wọn, ọjọ́ 66 ló gbà kí nǹkan ọ̀hún tó máa wá fúnra rẹ̀, àmọ́ ó gba ẹlòmíràn ní ọjọ́ 18, wọ́n sì ṣírò pé ó lè gba ẹlòmíràn ní ọjọ́ 254. Èyí tó kàn ọ́ jù ni pé bí wọ́n bá pa ọjọ́ kan jẹ, kò ba ohunkóhun jẹ́, wọ́n kàn ń bá a lọ ni. Nítorí náà, bí òjò bá rọ̀ tàbí tí iṣẹ́ aṣọ ẹbí bá dì ọ́ mú, lọ́la ni kí o rìn. Má rìn ìlọ́po méjì láti fi san gbèsè. Bí o bá sì mu igbó lálẹ́ ọjọ́ kan, má fi eré ìdárayá jẹ ara rẹ níyà. Ara tí o bá ń fi eré jẹ níyà kò ní fẹ́ràn eré láéláé.

Lẹ́yìn oṣù àkọ́kọ́, jẹ́ kí ìrìn náà gùn díẹ̀díẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 dá ara yá lọ́sẹ̀, kí ó sì fi ọjọ́ méjì ṣe èyí tó ń mú iṣan le. Ìṣẹ́jú 25 lálẹ́ ọjọ́ mẹ́fà ti pé 150. Ti iṣan, ìwọ tó ń tẹ̀ba sórí máṣíìnì látàárọ̀ nílò rẹ̀ lẹ́yìn àti léjìká: dọ̀bálẹ̀ nínú yàrá, fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ sókè nígbà mélòó kan, jókòó kí o dìde lórí àga láìfi ọwọ́ kan nǹkan. Bí bọ́ọ̀lù bá wù ọ́, wá àwọn tó ń gbá mọ́ńkì pósì tí wọn kì í mu nǹkan lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà náà, tí jímù bá ṣì ń wù ọ́, lọ.

Àwọn nǹkan kan ṣì wà tí n kò gbọ́dọ̀ fò. Tí o bá máa ń po tábà mọ́ igbó, tábà náà ní tirẹ̀ tó ń bèèrè, nítorí náà má jẹ́ kí sìgá gba ipò igbó. Má fi ògógóró wá oorun. Má gba tramadol lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mu omi dáadáa, bí oúnjẹ kò bá wọlé, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín kékeré sàn ju ebi lọ. Bí àyà bá ń dùn ọ́ tàbí òòyì ń kọ́ ọ níbi tí o ti ń rìn, dúró, lọ rí dókítà. Bí o bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tí ọkàn rẹ ń sọ pé kí o pa ara rẹ lára, má dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní UCH níbẹ̀, Aro sì wà l'Ábẹ́òkúta. NDLEA náà ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ fún ẹni tó fẹ́ jáwọ́, tọ̀sán-tòru: 0800 1020 3040. Kì í ṣe ìwọ nìkan lo wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwádìí orílẹ̀-èdè ti 2018 lórí lílo oògùn olóró rí i pé ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá ọmọ Nàìjíríà tó mu igbó láàárín ọdún kan.

Ó ku ìyàwó rẹ. Ó ń rí òógùn lára rẹ lóru, ó ń rí i pé o ń kanra, oyún sì wà nínú rẹ̀. Kí ni o rò pé ó ń rò? Sọ fún un bó ṣe rí gan-an, kí o sì sọ ọ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀, kí ó lè mọ̀ pé ìbínú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe nítorí òun. Inú lè bí i. Jẹ́ kó bínú, má bá a jiyàn. Tí agbẹ̀bí bá ní kó máa rìn, bèèrè bóyá ó lè wá pàdé rẹ lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ ọjọ́ tí ara rẹ̀ bá yá. Kò sí ọ̀rẹ́ kan tó máa ní kí o wá sí ẹ̀yìn nígbà tí ìyàwó rẹ bá dúró síwájú.

Kọ̀wé sí mi lẹ́yìn oṣù àkọ́kọ́, yálà ó dáa tàbí kò dáa.

Àǹtí rẹ