Gíláàsì gé nerve ọwọ́: ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n so ó

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àbúrò o. Ẹ ní gíláàsì wíńdò gé e nínú ọrùn ọwọ́, wọ́n rán an lọ́jọ́ náà, ó ti pé oṣù méjì, ọmọńdinrín àti ìka tó tẹ̀ lé e kò mọ nǹkan kan lára mọ́, ẹ wá ń béèrè abẹ́rẹ́ fítámì B tó dára jù. Ẹ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ ná. Kí ni wọ́n rán? Ṣé awọ nìkan ni, àbí wọ́n wá nerve ulnar rí (okùn tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọmọńdinrín àti ìka tó tẹ̀ lé e), wọ́n sì so ó? Ẹ padà lọ, kí wọ́n ka ìwé iṣẹ́ abẹ fún yín. Bí orúkọ nerve náà kò bá sí níbẹ̀, ẹ gbà pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

"Ó kàn wú ni, á lọ." Orin tí wọ́n máa ń kọ síni létí nìyẹn, ó sì ń bí mi nínú. Bí ohun mímú bá géni, tí ìka sì kú lẹ́yìn rẹ̀, nerve ti gé ni, àfi bí ẹni tó la ibẹ̀ wò bá fojú ara rẹ̀ rí i pé kò gé. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò náni ní kọ́bọ̀: kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ pa ojú ọgbẹ́ kú, kí wọ́n fi ẹnu píìnì kan orí ọmọńdinrín, kí wọ́n ní kó ya ìka sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n ní kó fi àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá di bébà mú, kí wọ́n wá fà á. Bí àtàǹpàkò bá ní láti ká kọrọdọ kó tó lè di bébà náà mú, ulnar ò ṣiṣẹ́. Ìṣẹ́jú méjì péré, wọn ò ní ṣe é.

Ìdí tí fítámì ò fi lè so ó rèé. Nígbà tí nerve bá gé, gbogbo okùn tíńtìntín inú apá tó kọjú sí ìka ló ń kú, tó ń jẹrà. Augustus Waller ti rí èyí lára ọ̀pọ̀lọ́ ní 1850. Sẹ́ẹ̀lì Schwann, ìyẹn àwọn tó máa ń wé mọ́ okùn nerve, á palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́, á sì tò lẹ́sẹẹsẹ di ọ̀nà. Apá òkè á wá yọ okùn tuntun, bí ìtàkùn iṣu tó ń wá ọ̀pá. Bó bá bọ́ sójú ọ̀nà yẹn, á máa rin nǹkan bíi mílímítà kan lóòjọ́, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí 3 lóṣù. Bí àlàfo bá wà níwájú rẹ̀, á lọ́ mọ́ ara rẹ̀ lójú kan, á di kókó tí wọ́n ń pè ní neuroma, tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹni náà á fò sókè.

Iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ kò lọ́rọ̀ púpọ̀ nínú. Wọ́n á gé orí méjèèjì dé ibi tó mọ́, wọ́n á fi fọ́nrán nylon tó tín-ín-rín gan-an (8-0 tàbí 9-0) rán awọ ìta nerve lábẹ́ microscope, ọwọ́ á wà nínú splint, ohun líle tí kì í jẹ́ kó mì, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn oṣù méjì, orí méjèèjì ti sún jìnnà síra wọn. Bí wọn ò bá lè pàdé láìfà, wọ́n á yọ nerve sural lẹ́yìn ẹsẹ̀ fi dí àlàfo. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ á kú díẹ̀, kò ní dí ìrìn lọ́wọ́. Dókítà tó bá ní òun á fà wọ́n pàdé tipátipá, ẹ sá fún un: nerve tí wọ́n fà le kì í rí ẹ̀jẹ̀ tó, àpá ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ tàbí plastic surgery ni kẹ́ ẹ wá, irú wọn wà ní ilé ìwòsàn egungun Igbobi l'Ékòó. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi "ẹ lọ ṣe EMG ná" (àyẹ̀wò iná nerve àti ẹran ara) jẹ oṣù mẹ́ta mìíràn lọ́wọ́ yín. Ẹran ọwọ́ tí nerve ò dé fún oṣù 12 sí 18 ń gbẹ, kì í sì í jí dáadáa mọ́. Ìmọ̀lára awọ ní sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ó le gan-an kò sí lórí tábìlì, lẹ́yìn rẹ̀ ni. Oṣù àkọ́kọ́, nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀, gbogbo èèyàn á ní iṣẹ́ náà ti bàjẹ́. Kí ẹ má bàa ya wèrè, ẹ máa fi orí ìka gbá ojú ọ̀nà nerve jẹ́jẹ́, láti ìka bọ̀ wá sí àpá. Ibi tó bá kọ́kọ́ ta bí iná mànàmáná lọ sí ọmọńdinrín ni okùn tuntun dé. Jules Tinel ṣàlàyé èyí ní 1915, nígbà ogun. Ẹ fi báírò sàmì síbẹ̀, ẹ wọn ọ́n láti àpá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lóṣooṣù. Bí ó bá dúró sórí àpá fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ padà lọ bá wọn.

Nígbà tó bá wá ń dé, òru á di ìyà. Aṣọ ìbora á máa dùn ún, omi tútù àti ọyẹ́ á máa gún un bí abẹ́rẹ́, paracetamol ò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é. Gabapentin tàbí amitriptyline ni wọ́n máa ń fún irú rẹ̀, kí dókítà wọn ìwọ̀n rẹ̀. Lọ́sàn-án, kó máa fi òwú ra awọ náà, lẹ́yìn náà táwẹ́ẹ̀lì, lẹ́yìn náà kó ki ọwọ́ bọ inú abọ́ ìrẹsì gbígbẹ tí wọn ò tíì sè, ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin lóòjọ́. Ẹ lè fọwọ́ kan ọmọńdinrín kó ní ìka kejì ni. Okùn kan ṣìnà ni. Kó wo bọ́tìnì, kọ́kọ́rọ́ àti ọmọrí ìgò, kó fọwọ́ kàn wọ́n, kó dijú mọ̀ wọ́n, kó tún wò wọ́n. Ọpọlọ á kọ́ ọ.

Kó má gbé ìka tó ká jókòó o! Kó máa fi ọwọ́ kejì nà wọ́n tán lójoojúmọ́, kí wọ́n sì ṣe splint tí kò ní jẹ́ kí oríkèé ìdí ìka tẹ̀ sẹ́yìn. Nerve lè dé kó bá oríkèé tó ti gan. Ìka tí kò mọ iná ni ìkòkò gbígbóná ń bó. Kó máa yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ àti lálẹ́.

Fítámì B yẹn, bó bá ní àìtó lára, ó wúlò. Ṣùgbọ́n B6 púpọ̀ fún ìgbà pípẹ́ ń ba nerve fúnra rẹ̀ jẹ́. Bí kẹ́míìsì bá sì fẹ́ gún un ní ìdí, ẹ má gbà kó gún àárín: sciatic, nerve ńlá ẹsẹ̀, wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ náà á tún kú. Apá òkè lóde ni. Àwọn tó ń wọ́ra, kí wọ́n má tẹ àpá yẹn rárá.

Ẹ fi téépù wọn láti àpá dé orí ọmọńdinrín. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ máa retí ìmọ̀lára ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà sí méje lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n bá so ó, kì í ṣe lẹ́yìn ọjọ́ tó gé. Bó bá jẹ́ pé nítòsí ìgúnpá tàbí lókè rẹ̀ ló ti gé, ẹ sọ fún wa, torí nígbà náà ẹ ní láti béèrè bóyá wọ́n lè mú ẹ̀ka kan lára median, nerve ńlá mìíràn nínú ọwọ́, nítòsí ọrùn ọwọ́ wá so mọ́ ulnar, kí ẹran ọwọ́ má bàa gbẹ kí okùn ti òkè tó dé.