Orúkọ, ipò, ọjọ́ ìbí, nọ́mbà: ẹ má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ

Màmá, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ní ọmọ yín tó jẹ́ sójà sọnù lójú ogun, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì ní kí ẹ dákẹ́, pé ariwo lè kó bá a. Àbúrò yín ní kí ẹ gbé fọ́tò rẹ̀ jáde sójú títì. Ẹnì kan tún ń pè yín lórí fóònù pé òun mọ ibi tí wọ́n dè é mọ́. Àwọn àgbà tó ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ, wọn ò purọ́. Ọdún méjì àti oṣù méje ni àbúrò mi fi wà lọ́wọ́ ọ̀tá, fún oṣù méje àkọ́kọ́, a ò mọ̀ bóyá ó wà láyé.

Èmi ò ní kí ẹ dákẹ́. Ọ̀rọ̀ "ẹ dákẹ́" yìí náà ni wọ́n sọ fún ìyàwó àwọn sójà Amẹ́ríkà nígbà ogun Vietnam. Wọ́n já ọkọ̀ òfurufú ọkọ Sybil Stockdale, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó náà, bọ́ lọ́dún 1965, wọ́n sì mú un. Sybil pa ẹnu mọ́ títí di 1968, kó tó jáde sọ fún ìwé ìròyìn pé wọ́n ń fìyà jẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà. Nígbà tó di 1969, ìjọba fúnra rẹ̀ bá wọn pariwo. Àwọn tó padà dé lọ́dún 1973 ní ìyà náà dínkù láti apá ìparí 1969. (Ho Chi Minh, olórí Àríwá Vietnam tó mú wọn, kú lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, àwọn kan sì ka ìyẹn náà mọ́ ọn.)

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti ṣì í ṣe nìyí. Lóṣù kejì tí a ń wá àbúrò mi, mo bá akọ̀ròyìn kan sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí ayé mọ̀ pé ọmọ gidi ló sọnù, ni mo bá ní ọwọ́ ẹ̀ mọ́ iṣẹ́, pé òun ló ń tún gbogbo ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ikọ̀ wọn ṣe. Mo fún un ní fọ́tò tí àmì ikọ̀ rẹ̀ hàn ketekete léjìká. Nígbà tí ìwé ìròyìn náà jáde, tòun ti àwòrán tèmi, mo gé e, mo tọ́jú ẹ̀ bí ìwé ẹ̀rí.

Nígbà tó dé, kò sọ ohunkóhun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lálẹ́ ọjọ́ kan ló ní òun ti sọ fún wọn pé awakọ̀ tó ń gbé omi lásán lòun, wọ́n sì ti ń gbà á gbọ́. Ọ̀gá sójà kan ló wọlé pẹ̀lú bébà kan, ó tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, àwòrán yín ni mo kọ́kọ́ rí." Kò sọ ohun tó tẹ̀lé e. Mi ò bi í.

Abala 17 nínú Àdéhùn Geneva Kẹta ti ọdún 1949, òfin àgbáyé lórí ẹlẹ́wọ̀n ogun, ní ohun mẹ́rin péré ni ẹlẹ́wọ̀n ogun gbọ́dọ̀ sọ: orúkọ rẹ̀, ipò rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti nọ́mbà ológun rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ má kọjá ibẹ̀. Ẹ pariwo orúkọ ọmọ yín títí ọ̀fun yín á fi gbẹ, àmọ́ kí fọ́tò jẹ́ ti aṣọ ilé, ẹ má sì dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀, ikọ̀ rẹ̀, tàbí ohun tí òun fúnra rẹ̀ rò nípa ogun náà.

Kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Red Cross. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ ò sì nílò ìyọ̀ǹda ọ̀gá kankan. Tó bá jẹ́ ogun orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè ni, Abala 70 nínú Àdéhùn yẹn ní kí wọ́n jẹ́ kó kọ káàdì ránṣẹ́ sílé láàárín ọ̀sẹ̀ kan tó bá dé àgọ́. Tiwa gba oṣù méje. Ẹyọ káàdì kékeré kan, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀ ju pé ara rẹ̀ le, àmọ́ ìrù gígùn tó máa ń fà sábẹ́ orúkọ rẹ̀ látìgbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Ìrù yẹn ni mo ń fọwọ́ pa.

Ẹni tó ń pè yín ńkọ́? Gbájúẹ̀ ni, títí tó máa fi hàn pé òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tiwa pè, mo ní kó bi àbúrò mi pé kí ló jó o lẹ́sẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó ní òun máa padà pè. Títí dòní. Bí ẹ bá ti kọ gbogbo ìtàn ọmọ yín sórí Facebook, ìbéèrè wo lẹ fẹ́ bi wọn?

Àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tó dára jù. Douglas Hegdahl, ẹlẹ́wọ̀n Amẹ́ríkà tí wọ́n tú sílẹ̀ ní Hanoi, ní Vietnam, lọ́dún 1969, ti há orúkọ ẹlẹ́wọ̀n tó lé ní 250 sórí. Ṣùgbọ́n ẹ má na fọ́tò kan ṣoṣo sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àánú ìyá máa ń ṣe wọ́n, wọ́n á ní àwọn rí i. Ẹ fi fọ́tò márùn-ún síwájú rẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́.

Ẹ wá ìdílé mìíràn mọ́ra, torí nǹkan yìí lè pẹ́. Morocco àti Polisario, àwọn tó ń jà fún òmìnira Western Sahara, dáwọ́ ogun dúró lọ́dún 1991, ọdún 2005 ni Polisario tó tú 404 ẹlẹ́wọ̀n Morocco tó kẹ́yìn sílẹ̀. Bí ọmọ yín bá fara gbọgbẹ́ gidi, orí ìyẹn ni kí ẹ dúró lé: Abala 109 àti 110 ní kí wọ́n dá irú wọn padà láì dúró de òpin ogun.

Ó ku ọ̀kan. Ẹ má pààrọ̀ nọ́mbà fóònù yín. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ti pààrọ̀ tirẹ̀, tèmi nìkan ló kù nínú èyí tí àbúrò mi mọ̀ sórí. Aago mẹ́rin ìdájí ló pè, fóònù awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó gbé wọn sọdá ló yá.