Èsì: Ibi tí àwọn okùn rédíò àárín Milky Way ti wá

Ẹ ní ṣé inú ihò dúdú Sagittarius A*, tó wà láàárín Milky Way (ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tiwa), ni àwọn okùn rédíò, ìyẹn àwọn fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tó ń tan ìgbì rédíò, ti ń jáde tààrà. Rárá o. Ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù tó ń sáré fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìmọ́lẹ̀, tó ń lọ́ mọ́ pápá òòfà, ló ń gbé ìgbì náà jáde. VLA, awò rédíò ní Amẹ́ríkà, fi àwọn okùn náà hàn ní 1984. MeerKAT, awò rédíò ní South Africa, ti rí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000.

Àríyànjiyàn wà lórí ohun tó fún ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù náà lágbára. Ìbúgbàù àtijọ́ kan láàárín Milky Way ni èmi fara mọ́, nítorí ọ̀pọ̀ okùn wà láàárín ìfófòó ńlá méjì tí MeerKAT rí.

Ẹ ṣọ́ra fún gáàsì gbígbóná tó jọ okùn, bíi Arches. Láti mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ẹ wọn ìgbì polarized (ìgbì tó ń mì sí ìhà kan náà): okùn tòótọ́ ní in, gáàsì gbígbóná kò ní in. Ẹ wọ̀n ọ́n ní nǹkan bí 5 tàbí 10 GHz, nítorí ní 1.4 GHz, Faraday rotation (bí pápá òòfà ojú ọ̀nà ṣe ń yí ìhà ìmì ìgbì náà padà) máa ń pa á rẹ́.