Oṣù tí iṣẹ́ pọ̀ jù ni mo wọ gbèsè

Àbúrò, o ní o ti ń gbé sólà fún ọdún méjì ní Òṣogbo níbí, ọmọ iṣẹ́ méjì wà lọ́dọ̀ rẹ, àwọn kan sì fẹ́ yá ọ lówó kí o fi gba ṣọ́ọ̀bù ní Ọláìyá, kí o sì fi ẹ̀rọ omi gbígbóná kún ọjà. O wá bèèrè èwo ni kí o kọ́kọ́ ṣe. Tó bá jẹ́ èmi ni, n ò ní yá owó, n ò sì ní gba ṣọ́ọ̀bù, títí n ó fi mọ ẹni tó ni owó tó wà lọ́wọ́ mi.

Iṣẹ́ wáyà inú ilé ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni sólà ń wọlé, ilé kan lóṣù yìí, bóyá méjì lóṣù tó ń bọ̀. Ó di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí wọ́n kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Bẹntiróòlù tí lítà rẹ̀ kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn tó ń tan “I pass my neighbour” láàárọ̀ lálẹ́ wá ń wá mi kiri. Oṣù tó tẹ̀lé e, ilé mẹ́sàn-án ló san àsansílẹ̀ fún mi. Mo ń yan bí ẹni tó jogún.

Ohun tí mò ń ṣe nígbà náà, ìwọ náà ń ṣe é, torí gbogbo wa la ń ṣe é. Owó tí Bàbá kan ní Òkè-Fìà san sílẹ̀ ni mo fi parí iṣẹ́ aránṣọ Alékúwodò; owó ẹlòmíì ni n ó sì fi ṣe ti Bàbá. Ó ń yí lọ bí àjọ, àfi pé nínú àjọ, oníkálukú mọ ọjọ́ tí òun máa kó.

Láàárín oṣù Kẹfà yẹn kan náà, wọ́n tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí 460 lọ́wọ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Kí oṣù Kejì 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Òkè òkun sì ni bátìrì, inverter àti páńẹ́lì wa ti ń wá. Iye tí mo bá dá lọ́jọ́ Sátidé, tó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀, kò ká ọjà náà mọ́. Ó ku ilé mẹ́ta tí n kò gbé nǹkan kan sí, owó wọn sì ti wà lórí òrùlé ẹlòmíì. Bàbá Òkè-Fìà wá bá mi nílé láago mẹ́fà àárọ̀. Kò jà. Ó kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Mo ta Micra mi lọ́sẹ̀ yẹn, síbẹ̀ oṣù mọ́kànlá ni mo lò kí n tó parí ilé kẹta.

Láti ìgbà náà, iye tí mo bá dá fún èèyàn, ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi dúró, mo sì máa ń kọ ọ́ sórí ìwé. Owó ọjà kì í wọ àpò mi. Oníbàárà á san án fún ẹni tí a ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, rìsíìtì á jáde lórúkọ oníbàárà, owó iṣẹ́ ni tèmi. Òótọ́ ni pé èrè orí bátìrì lọ, torí wọ́n ti rí iye rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n mò ń sùn lóru.

Ìṣirò ló tún kù. Ìyá kan tó ń ta ẹja dídì nítòsí Ọjà Ọba ní kí n gbé “kékeré” fún òun: bátìrì olómi kan, 12V 220Ah, fún fírísà kan àti gílóòbù mẹ́rin. N kò bèèrè nǹkan mìíràn. Tí o bá fi 12 ṣe ìlọ́po 220, wàá rí 2,640 watt-wákàtí, bẹ́ẹ̀ bátìrì olómi kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń lò ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ó ku bí 1,300. Fírísà tó ń fa 150 watt, bó tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tó ń sinmi, á ti jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ ìyá náà wá ń fi áyọ́ọ̀nù 1,000 watt lọ yúnífọ́ọ̀mù láàárọ̀! Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́jọ tí mo gbé e, bátìrì kú. Ìyá pè mí, ó ní, “Ẹja mi ti rà.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Páńẹ́lì ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi kún un, mo fẹ́ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí n máa pa làpálàpá, àfi ìgbà tí mo rí áyọ́ọ̀nù yẹn lórí àga. Owó mi ni mo fi ra bátìrì mìíràn.

Ní báyìí, kí n tó dárúkọ owó fún ẹnikẹ́ni, mo máa ń wọ ilé ìdáná, màá wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan níbi tí wọ́n kọ watt sí, màá sì bi àwọn ọmọ ilé léèrè. Baálé ilé kì í mọ ẹni tó ń lọ aṣọ. Pọ́ǹpù kànga náà, má fojú kéré rẹ̀: 1 hp jẹ́ bí 750 watt, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan, ó máa ń fa ìlọ́po mélòó kan rẹ̀.

Mọ irú ẹni tó wà níwájú rẹ pẹ̀lú. Láti oṣù Kẹrin 2024 tí yúnìtì iná kan, ìyẹn 1,000 watt-wákàtí, ti kúrò ní nǹkan bí 68 náírà tó di 225 fún àwọn Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí ogún lójúmọ́ fún, àwọn kan wà tí iná wọn ń dúró dáadáa, owó rẹ̀ ló ń dùn wọ́n. Páńẹ́lì tó máa gbé ẹrù ọ̀sán ni wọ́n fẹ́, bátìrì kékeré á tó fún wọn. Ẹni tí iná rẹ̀ kì í dúró ló nílò bátìrì ńlá. Òṣogbo yìí náà sì ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà o. Bí iná gbogbo orílẹ̀-èdè bá ti ṣubú, ọmọ iṣẹ́ mi á ní, “Ọ̀gá, wọ́n ti bá wa polówó.”

Ẹ̀rọ omi gbígbóná ńkọ́? Lókè òkun, odidi ilé ni wọ́n ń mú gbóná, owó ńlá sì wà nídìí rẹ̀. Níbí, ta ló ń wá kí yàrá òun gbóná sí i? Omi ìwẹ̀ ni, nígbà ọyẹ́ àti nígbà òjò. Ìdílé tó lè gbé ìkòkò omi kaná kò ní ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ. Ilé àlejò, ilé ìgbẹ̀bí àti iléèwé tí ọmọ ń gbé ni kí o lọ bá. Má sì jẹ́ kí wọ́n so hítà mọ́ bátìrì. Kí 100 lítà omi tó kúrò ní 25 dé 55 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó máa jẹ yúnìtì mẹ́ta ààbọ̀, èyí tó ju odidi bátìrì ìyá ẹlẹ́ja lọ. Oòrùn ni kí ó mú omi gbóná fúnra rẹ̀.

Ẹ̀rọ oòrùn àkọ́kọ́ tí mo gbé, ní ilé àlejò kan ní Ògo-Olúwa, mo bà á jẹ́. Olówó ilé kò fẹ́ kí táǹkì hàn sí títì, mo bá gbé e sábẹ́ òrùlé, páńẹ́lì omi, níbi tí oòrùn ti ń mú omi gbóná, wà lókè. Páńẹ́lì gbóná débi pé kò ṣeé fọwọ́ kàn, táǹkì tutù bí odò Ọ̀ṣun. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń tú fáàfù, tí mò ń dá a padà. Púlọ́ńbà àgbà kan ló wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó bú sẹ́rìn-ín: omi gbígbóná fúyẹ́, òkè ló ń lọ, òtútù ló ń wálẹ̀. Tí kò bá sí pọ́ǹpù, táǹkì gbọ́dọ̀ ga ju páńẹ́lì lọ. Àárín ọ̀sẹ̀ ni a gbé gbogbo rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, a tún un tò kí táǹkì lè ga ju páńẹ́lì lọ, n kò sì gba kọ́bọ̀ lé e.

Ohun tó wá mú iṣẹ́ mi gbòòrò ni pé mo máa ń padà lọ. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta, a máa ń fi aṣọ rírọ̀ fọ eruku ọyẹ́ kúrò lójú páńẹ́lì ní ìdájí, kí gíláàsì tó gbóná, a máa ń fún nọ́ọ̀tì wáyà, a sì máa ń bu omi bátìrì sí i. Owó díẹ̀ ni wọ́n ń san, ṣùgbọ́n òun ni mo fi ń san owó oṣù àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. N kì í san owó oṣù tẹ́lẹ̀, títí ọ̀kan fi kó nọ́ńbà àwọn oníbàárà mi lọ.

Ní ti owó èlé yẹn, kò mọ oṣù Keje àti Kẹjọ tí kùrukùru bojú oòrùn, tí fóònù ń dákẹ́. Kí o tó fọwọ́ síwèé wọn, kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti sanwó tí o kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀. Kọ iye ohun tó kù láti rà fún wọn, níye tí wọ́n ń tà á lónìí. Fi wé ohun tó wà ní àkáǹtì rẹ. Gbé ìwé náà wá lọ́sàn-án Sátidé. Fàráńdà ilé mi ṣì ni ọ́fíìsì mi. Wàá rí páńẹ́lì tó fọ́ tí mo fi ṣe tábìlì.