Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́ Èsì: Awọ Orí Dáṣíbọ́ọ̀dù Tó Ń Ṣí

Látìgbà tá a ti sọ̀rọ̀ ìjókòó aláwọ, dáṣíbọ́ọ̀dù ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà ń béèrè, pàápàá àwọn tó ní mọ́tò sípọ́ọ̀tì, torí náà mo fi gbogbo àyè wa tòní jìn ín. Ẹ má bínú tí tiyín ò bá sí níbẹ̀, àwọn tó jọra ni mo pa pọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mọ́tò sípọ́ọ̀tì onílẹ̀kùn méjì ni mo ní, awọ gidi ni wọ́n fi bo dáṣíbọ́ọ̀dù ẹ̀. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń rí i pé awọ yẹn ń gbéra níwájú pátápátá, níbi tó ti pàdé gíláàsì, ó wú sókè bíi pé atẹ́gùn wà lábẹ́ ẹ̀, etí ihò tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí gíláàsì náà ti ń ṣí. Mọ́tò yìí kì í rìn púpọ̀, ìta ló máa ń wà. Kí ló fà á, àbí awọ yẹn ni ò dáa? Ẹnì kan ní kí n kàn fi súpágúlù lẹ̀ ẹ́ kíá. — Onílẹ̀kùn Méjì

ÈSÌ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé súpágúlù yẹn sílẹ̀ ná. Tó bá gbẹ, ṣe ló máa ń le gbagidi, bẹ́ẹ̀ awọ ní tiẹ̀ kì í dúró lójú kan, ooru àti òtútù máa ń jẹ́ kó máa sún díẹ̀díẹ̀, èyí tó le gbagidi ò lè bá a sún, á sán ni. Ó tún máa ń tú èéfín funfun kan tó ń balẹ̀ sára awọ dúdú tí kì í fẹ́ kúrò mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe dáadáa lọ́jọ́ iwájú, súpágúlù yẹn ló máa kọ́kọ́ bá jà kó tó kan awọ.

Ohun tó fà á, ooru ni. Gíláàsì iwájú mọ́tò sípọ́ọ̀tì kì í dúró ṣánṣán, ṣe ló máa ń dagun sẹ́yìn, tí dáṣíbọ́ọ̀dù á sì gùn wọ abẹ́ ẹ̀ lọ réré, oòrùn á wá máa lù ú látòkè. Lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí ní Arizona State University àti University of California San Diego ní Amẹ́ríkà gbé àwọn mọ́tò sínú oòrùn fún wákàtí kan lásìkò ooru wọ́n sì wọn gbogbo ẹ̀, inú mọ́tò tó nǹkan bí 47°C, àmọ́ orí dáṣíbọ́ọ̀dù gan-an wọ 69°C! Àwọn mọ́tò tó wà nínú ibòòji, dáṣíbọ́ọ̀dù tiwọn ò ju nǹkan bí 48°C lọ. Ẹ wo bí ibòòji lásán ṣe yọ ogún digiri lé kúrò lára ẹ̀.

Ohun méjì ni ooru yẹn ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń gba omi àti òróró inú awọ kúrò, awọ á súnkì. Ó tún ń mú kí gọ́ọ̀mù abẹ́ ẹ̀ rọ̀. Ẹ rántí pé nígbà tí wọ́n ń bo dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn, nínà ni wọ́n na awọ kó lè bá gbogbo kọ̀rọ̀ ẹ̀ mu, torí náà látọjọ́ yẹn ni awọ ti ń wá bó ṣe máa padà, gọ́ọ̀mù ló dì í mú, ọjọ́ tí gọ́ọ̀mù bá wá rọ̀ lásìkò tí awọ ń súnkì, awọ á já ara ẹ̀ gbà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibi tó tẹ̀ wọnú àti etí ló kọ́kọ́ máa ń ṣí, ibi tó yọ síta kì í sábà ṣe é ní nǹkan kan. Ti etí ihò iwájú gíláàsì tún wá burú jù torí pé atẹ́gùn gbígbóná tó ń nu ìrì kúrò lójú gíláàsì, ibẹ̀ náà ló ń gbà kọjá.

Awọ ò dáa kọ́ o. Ẹ kàn kọ́kọ́ mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí tiyín nínú méjèèjì. Nígbà tí ara mọ́tò bá tutù, ẹ fi ìka tẹ ibi tó wú yẹn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ wo etí awọ. Wọ́n máa ń ká etí yẹn wọlé sínú àlàfo ni, ẹ sì máa rí ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀, àmì gọ́ọ̀mù àtijọ́ á ṣì wà níbẹ̀, tàbí ilà kan tí àwọ̀ ẹ̀ ò tíì ṣá. Tí etí bá padà dé ojú ilà yẹn láìsí pé ẹ fi agbára fà á, gọ́ọ̀mù nìkan ló ṣí. Tó bá kù díẹ̀ kó dé ibẹ̀, awọ ti súnkì nìyẹn, lílẹ̀ nìkan ò lè yanjú ẹ̀, bẹ́ ẹ bá fi tipátipá lẹ̀ ẹ́ á tún padà ṣí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, tèmi ò tíì súnkì, mo ti tẹ̀ ẹ́ wò ó sì ń padà sáyè ẹ̀. Etí nìkan ló ṣí, kò ju fífẹ̀ ìka mẹ́ta lọ. Mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣàlàyé ẹ̀ yékéyéké.

ÈSÌ: Àbúrò, inú mi dùn pé o tètè rí i, kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, ìka mẹ́ta yẹn ṣì ṣeé ṣe nílé. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé iwájú ẹni tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà ló wà, má fọwọ́ kàn án, kọ́kọ́ ka èsì tó tẹ̀ lé èyí.

Gọ́ọ̀mù ni kó o kọ́kọ́ wá dáadáa. Irú èyí tí wọ́n ń fi pa ojú méjèèjì, tí wọ́n á jẹ́ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ kí wọ́n tó pa wọ́n pọ̀, ni wàá lò, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló dáa fún mọ́tò, èyí tó wà fún bàtà lè rọ̀ nínú ooru yẹn. Ka ara agolo, kó o rí i pé ó ń fara da ooru tó ju 80°C lọ. Má ra èyí tí wọ́n ń fín, á fọ́n sí gíláàsì àti ibi gbogbo, èyí tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì pa ni kó o rà.

Ṣílẹ̀kùn mọ́tò sílẹ̀ torí òórùn gọ́ọ̀mù yẹn le. Bo gíláàsì àti gbogbo àyíká ibẹ̀. Fi nǹkan tí kò mú, bíi káàdì báńkì tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, gbé awọ sókè títí wàá fi dé ibi tó ṣì lẹ̀ dáadáa, má fà á kọjá ibẹ̀. Wo abẹ́ ẹ̀. Tó o bá rí fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti di ìyẹ̀fun, gbogbo ẹ̀ ni kó o gbọ̀n kúrò, torí tó o bá pa gọ́ọ̀mù lé ìyẹ̀fun, ìyẹ̀fun lo lẹ̀, o ò lẹ awọ. Gọ́ọ̀mù àtijọ́ náà gbọ́dọ̀ kúrò lára pílásítíìkì, rọra fi ìka yí i kúrò, kó o fi sípíríìtì díẹ̀ lórí aṣọ nu ìyókù. Má jẹ́ kí sípíríìtì kan ojú awọ, á bó ọ̀dà ẹ̀, má sì lo tínà rárá, tínà lè yọ́ pílásítíìkì àti fóòmù.

Pa gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ẹ̀yìn awọ, kó o pa á sí ojú pílásítíìkì náà, kó o wá fi nǹkan gbé awọ dúró kí méjèèjì má tíì kanra. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kánjú. Iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára agolo ni kó o dúró, bó o bá fi ẹ̀yìn ìka kàn án tó dà bíi pé ó fẹ́ mú ẹ àmọ́ tí kò lẹ̀ mọ́ ẹ lọ́wọ́, àsìkò ti tó. Tó bá ṣì tutù nígbà tó o pa á pọ̀, inú á wà ní tútù, oòrùn á sì tún gbé e wú. Fi díráyà irun mú awọ lọ́wọ́ọ́wọ́ kó lè rọ̀, má gbé e dúró lójú kan, bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ṣì lẹ̀, kó o máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lọ síta sí etí, má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti etí wá sínú torí atẹ́gùn á há sáàárín. Ká etí ẹ̀ wọnú àlàfo. Fi táwẹ̀lì tó wúwo tàbí àpò iyanrìn kékeré tẹ̀ ẹ́, má lo téèpù tó le, ó lè bá ọ̀dà awọ jáde. Má gbé mọ́tò sóòrùn di ọjọ́ kejì ó kéré tán.

ÌBÉÈRÈ: Awọ mi ti súnkì gan-an, iwájú ìjókòó ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà ló sì ti burú jù. Ẹni tó ń ran awọ mọ́tò ní òun á kàn bo awọ tuntun lé e lórí, ó ní kò ní gbà á ní àsìkò. Ṣé kí n gbà fún un?

ÈSÌ: Rárá o, ẹ má gbà! Airbag, àpò tó máa ń wú jáde láti gba èèyàn là nígbà ìjàǹbá, wà lábẹ́ ibẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, awọ ojú airbag yàtọ̀ sí ìyókù, wọ́n ti fá ẹ̀yìn ẹ̀ fẹ́lẹ́ lójú ilà kan tí ẹ ò lè fojú rí látòde, tàbí kí wọ́n fi òwú tó tètè ń já rán an, kí airbag lè ya á jáde lójú ibi tí wọ́n fẹ́, láàárín ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ ò tíì lè ṣẹ́jú. Tẹ́ ẹ bá wá bo awọ tó nípọn lé e, airbag lè pẹ́ jáde tàbí kó gba ibòmíì jáde, ó sì lè gbé pílásítíìkì lu ojú ẹni tó jókòó síbẹ̀. Ẹ̀mí èèyàn ni mò ń sọ yìí. Ẹni tó mọ iṣẹ́ airbag ni kẹ́ ẹ wá, tó máa tú bátìrì kó sì dúró bí ìwé mọ́tò ṣe sọ kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ bi í pé báwo ló ṣe fẹ́ ṣe ojú ilà airbag, tí kò bá lè ṣàlàyé ẹ̀, ẹ gbé mọ́tò yín lọ.

Ní ti súnkì yẹn, tó bá jẹ́ pé mìlímítà díẹ̀ ló kù, oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ lè fi omi díẹ̀ rin ẹ̀yìn awọ, kó mú un lọ́wọ́ọ́wọ́, kó sì nà án padà díẹ̀díẹ̀. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n máa yọ dáṣíbọ́ọ̀dù síta kí wọ́n tó bò ó, wọ́n tiẹ̀ máa ń yọ gíláàsì iwájú nínú àwọn mọ́tò kan. Ẹ bèèrè fún awọ tí wọn ò fi chrome, irú kẹ́míkà kan, sè, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní wet white, kì í súnkì nínú ooru tó èyí tí wọ́n fi chrome sè. Àwọn míì máa ń yan Alcantara. Awọ kọ́ nìyẹn, pílásítíìkì ni wọ́n fi ṣe é, kì í dán sójú gíláàsì, mo fẹ́ràn ẹ̀ fún ìyẹn, àmọ́ oòrùn máa ń jẹ́ kó ṣá.

ÌBÉÈRÈ: Tèmi kì í wú, ṣe ló ń bó wẹ́wẹ́ bí ara ejò, mo sì ń rí aṣọ lábẹ́ ẹ̀.

ÈSÌ: Tẹ́ ẹ bá ti rí aṣọ, kì í ṣe awọ gidi, ike ni wọ́n fi bo aṣọ, kò sì sí kíríìmù tó lè dá a padà. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ohun tó rí háùháù bí awọ ló wà lábẹ́ ibi tó bó, ọ̀dà ojú ẹ̀ ló kúrò, ìyẹn ṣeé kùn padà.

ÌBÉÈRÈ: Dáṣíbọ́ọ̀dù mi ṣì dáa, kò tíì ṣí níbì kankan. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń fi kíríìmù awọ pa á kó má bàa gbẹ. Ṣé ó ti tó?

ÈSÌ: Ó ti pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ awọ mọ́tò ni wọ́n ti kun ọ̀dà lójú, kíríìmù ò fi bẹ́ẹ̀ wọnú ẹ̀, orí ẹ̀ ló máa ń wà, èyí tó bá ṣàn lọ sí etí á gba etí wọlé, á sì máa ba gọ́ọ̀mù jẹ́. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tó lómi díẹ̀ nu eruku, ẹ lo kíríìmù fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láàárín oṣù mélòó kan, ẹ nu èyí tó bá kù kúrò. Èyí tó ń jẹ́ kó dán yìnrìn, ẹ má rà á, á máa tàn sójú gíláàsì nígbà tẹ́ ẹ bá ń wakọ̀.

Owó tẹ́ ẹ fẹ́ ná sí kíríìmù, ẹ fi ra ìbòjú tó ń dán fàdákà tí wọ́n gé bá gíláàsì mọ́tò yín mu, kẹ́ ẹ máa fi í síbẹ̀ nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá páàkì, bó ti wù kó kéré tó. Tẹ́ ẹ bá lágbára ẹ̀ tí òfin ibi tẹ́ ẹ wà sì gbà á, ẹ lẹ fíìmù aláìláwọ̀ tó ń dí ooru mọ́ gíláàsì iwájú. Àwọn tó ń tà á á máa sọ̀rọ̀ UV ṣáá, ìyẹn ìtànṣán oòrùn tí ojú ò lè rí, àmọ́ gíláàsì iwájú jẹ́ ojú méjì tí wọ́n fi ike lẹ̀ pọ̀, ó ti ń dí èyí tó pọ̀ jù nínú UV tẹ́lẹ̀, torí náà bó ṣe ń dí ooru sí ni kẹ́ ẹ bi wọ́n. Tẹ́ ẹ bá sì máa gbé mọ́tò jókòó fún ìgbà pípẹ́, abẹ́ òrùlé ni, tí kò bá sí, ẹ yí iwájú ẹ̀ kúrò níbi tí oòrùn ọ̀sán máa ń wà.